Ta Ló Ń Bínú Sí? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Àwọn Agbaninímọ̀ràn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní yunifásítì, ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni mo bá wá: ọ̀rọ̀ àwọn tó fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn, àti ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó tọwọ́ yín jáde, tí mo sì ti rí nínú nóòtì kíláàsì wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá pa ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló fẹ́ pa. Pé ìbínú tí kò rí ibi gbà jáde ló ṣẹ́rí padà sórí ẹni tó ń bínú. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé kò sí ẹni tó jiyàn rẹ̀ rí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má fi í kọ́ni mọ́ bí òtítọ́ tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọn kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì ń ṣe àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní jàǹbá.

Irú jàǹbá wo? Mo lọ síbi ọ̀fọ̀ kan ládùúgbò wa. Ọmọkùnrin tó kú náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà máa wo fọ́tò ọmọ. Agbaninímọ̀ràn kan wọlé, ọ̀dọ́ ni, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Mà, ta ni inú ń bí i sí nínú ilé yìí?” Ìyá gbójú sókè. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo àbúrò olóògbé, ó wá ní, “Àfi kó jẹ́ èmi. Mo bá a wí lọ́jọ́ Sunday.” Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ti gbà pé òun ni wọ́n fẹ́ pa, pé ikú tó yẹ òun ni ọmọ òun kú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún un mọ́ tó wọ̀ ọ́ létí.

Ọ̀dọ́ yẹn kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí, tí n kò kọ ọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká tọpa ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tó ti ṣẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1910, Sigmund Freud, ẹni tó dá ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń pè ní psychoanalysis sílẹ̀, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Vienna, olú-ìlú Austria, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń gba ẹ̀mí ara wọn. Wilhelm Stekel, ọ̀kan nínú wọn, sọ níbẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń pa ara rẹ̀ àfi ẹni tó ti fẹ́ pa ẹlòmíràn rí, tàbí ó kéré tán, tó ti ń wá ikú ẹlòmíràn. Freud ló kádìí ìjíròrò náà, ohun tó sì sọ ni pé kí wọ́n má tíì dájọ́, kí wọ́n dúró de ohun tí ìrírí yóò fi hàn. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1917, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ọ̀fọ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó ṣe àlàyé tirẹ̀. Ó ní ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú tó ń bú ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bú: ẹni tó fẹ́ràn tó sì pàdánù, tó ti gbé wọ inú ara rẹ̀ láìmọ̀, tí ìkórìíra tó yẹ kó dojú kọ ẹni náà wá dojú kọ òun alára. Ní 1920 ó fi kún un pé agbára kan wà nínú ohun ẹlẹ́mìí gbogbo tó ń fà á lọ sọ́nà ikú. Nígbà tó di 1938, Karl Menninger ní Amẹ́ríkà ti gbé odindi ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní ìfẹ́ mẹ́ta ló ń pàdé nínú ẹni bẹ́ẹ̀: ìfẹ́ láti pani, ìfẹ́ kí wọ́n pa òun, àti ìfẹ́ láti kú.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Ìkìlọ̀ ni Freud fi bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ 1917 yẹn. Ó ní ìwọ̀nba aláìsàn díẹ̀ lòun rí, òun kò sì sọ pé àlàyé òun kan gbogbo ènìyàn. Ìkìlọ̀ yìí kì í dé inú nóòtì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àlàyé nìkan ló ń dé.

Kí ló wá ṣe é tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò fi gba àlàyé náà wọlé? Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó kú kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí, àwọn aláìsàn díẹ̀ tó ń dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ ní yàrá dókítà ni. Wọn kò kó àwọn mìíràn jọ, àwọn tí inú ń bí gidigidi tí wọn kò sì ronú ikú rí, kí wọ́n fi wọ́n wéra. Bẹ́ẹ̀, láìsí ìfiwéra, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá ìbínú ni iṣu tó jiná nínú ìkòkò náà tàbí ó kàn wà níbẹ̀.

Èkejì ni Karl Popper, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, tọ́ka sí. Vienna náà ni wọ́n bí i sí, ó sì bá Alfred Adler, tó ní tíọ́rì ọkàn tirẹ̀, ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ látòkèèrè. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1963, ó ní ká wo ọkùnrin méjì. Ọ̀kan ti ọmọdé sínú omi kó lè rì. Èkejì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú láti yọ ọmọdé nínú omi. Tíọ́rì Freud ṣàlàyé àwọn méjèèjì láìsí wàhálà. Ti Adler náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe tí àlàyé náà kò ní gbà á wọlé. Popper ní àbùkù gan-an nìyẹn: àlàyé tí kò sí ohunkóhun láyé tó lè já a nírọ́, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa ayé.

Ẹ wá gbé e wá sí ilé ọ̀fọ̀ yẹn. Bí olóògbé bá ti bá àwọn ará ilé jà, wọ́n á ní ẹ ò rí ìbínú náà. Bó bá jẹ́ ẹni tútù tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan, wọ́n á ní ìbínú náà ló sápamọ́ jìnnà. Bí ìyá bá ní òótọ́ ni, ó jẹ́rìí. Bó bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní ó ń kọ òtítọ́ nítorí pé ó ń dùn ún. Bó fọhùn ó jẹ̀bi, bó dákẹ́ ó jẹ̀bi. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ pàápàá kò ní dá a.

Mo mọ̀ pé gbogbo onímọ̀ kọ́ ló bá Popper gbà. Adolf Grünbaum, nínú ìwé tirẹ̀ ní 1984, ní àwọn apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ Freud tí a lè dán wò. Ìṣòro tí òun rí ni pé ohun tí aláìsàn ń sọ lórí àga dókítà kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí, torí dókítà ti fi ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó sọ. Bí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ bá ara wọn gbà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi wá: ta ló ti dán an wò?

Ẹnìkan dán an wò. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Aaron Beck ni orúkọ rẹ̀, dókítà ọpọlọ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá Freud ni. Wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ psychoanalysis, ó sì gbà á gbọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó fẹ́ fi ẹ̀rí gbe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí àwọn oníyèméjì lè panu mọ́. Ọ̀nà tó gbà ṣe é bá òfin Freud fúnra rẹ̀ mu: Freud ní àlá ni ọ̀nà tí a fi ń dé ibi tó jìn jù lọ nínú ọkàn. Ó dáa, bí ìbínú tó yí padà bá ni gbòǹgbò ìrẹ̀wẹ̀sì, àlá àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú yóò kún fún ìkórìíra ju àlá àwọn aláìsàn mìíràn lọ. Beck kó àlá àwọn méjèèjì jọ, ó gbé wọn ka orí òṣùwọ̀n.

Kò rí ìkórìíra tó ń wá. Ohun tó rí ni pé nínú àlá wọn, wọ́n ń pàdánù nǹkan, wọ́n ń kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ọwọ́ wọn ń tẹ òfo. Àlá wọn jọ ohun tí wọ́n ń sọ lójú ayé: pé àwọn ò wúlò, pé kò sí ohun tó máa dáa fún àwọn. Kò kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Ó ní bóyá ìyà ni ọkàn wọn ń wá láti fi jẹ ara wọn. Ìyẹn náà ṣeé dán wò: ẹni tó ń wá ìyà, àṣeyọrí á bà á nínú jẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn náà ní iṣẹ́ kékeré kan ṣe, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan ṣe àṣeyọrí níbẹ̀. Inú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú dùn sí àṣeyọrí, ìrètí wọn sì gòkè. Ibẹ̀ ni Beck ti kúrò lẹ́yìn àlàyé ọ̀gá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú mìíràn, èyí tó dá lórí èrò tí aláìsàn ń rò tó sì lè sọ lẹ́nu.

Àìnírètí ni òun wá tẹra mọ́. Ní 1985, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ jáde lórí ènìyàn 207 tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ń ronú àtipa ara wọn. Wọ́n tọpa wọn fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ènìyàn 14 ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kú náà ló sì ti gba máàkì gíga lórí ìwọ̀n àìnírètí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tó gba máàkì gíga kò kú bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Síbẹ̀, èyí jẹ́ ohun tí dókítà mìíràn lè tún ṣe, kó sì rí i bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

N kò sọ pé ìbínú kì í sí níbẹ̀ rárá. Edwin Shneidman àti Norman Farberow ní Los Angeles kó lẹ́tà 33 tí àwọn tó kú fi sílẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé 33 tí wọ́n ní kí àwọn ẹlòmíràn kọ bí ẹni tó fẹ́ kú. Nínú èyí tó jẹ́ tòótọ́, ìbínú wà, ìdára-ẹni-lẹ́bi wà, ìtọ́ni lórí nǹkan ilé pàápàá wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìrora ọkàn tí kò ṣeé fara dà ni Shneidman wá dì mú. Thomas Joiner, ẹni tí bàbá òun fúnra rẹ̀ kú ikú yìí, ní 2005 tẹnu mọ́ èrò pé mo ti di ẹrù sí àwọn ènìyàn mi lọ́rùn, àti ìmọ̀lára pé n kò lẹ́ni. Wọ́n ń dán ti òun náà wò. Ibì kan gbè é, ibòmíràn kò gbè é tó bẹ́ẹ̀. Ní 2017 pàápàá, ìwádìí ńlá kan tó kó iṣẹ́ 365 jọ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún fi hàn pé gbogbo ohun tí a mọ̀, kò tíì ràn wá lọ́wọ́ ju àbá lásán lọ láti sọ ẹni tí yóò ṣe é. Ẹ rò ó wò: àwọn tó ń fi ìṣirò ṣiṣẹ́ ń jẹ́wọ́ pé àwọn kò lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yín kan lè wọ ilé ọ̀fọ̀ kó sì mọ ẹni tí òkú ń bínú sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú lọ́nà mìíràn. Bí ìbínú tó wọlé bá ni ìpara-ẹni, ìbínú tó jáde á sì jẹ́ ìpànìyàn. Ẹ pín ayé sí méjì báyìí, ẹ ó sì rí ibi tí wọ́n máa tò wá sí. Ní 1954, Andrew Henry àti James Short ní Amẹ́ríkà kọ ìwé tó fi ọ̀nà yìí ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó wà nípò gíga fi ń pa ara wọn, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi ń pa ẹlòmíràn. Ọdún kan ṣáájú ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé dókítà J. C. Carothers jáde lórí ọkàn ọmọ Áfíríkà. Carothers ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa, torí pé a kì í gba ẹ̀bi sórí ara wa, ìta là ń tì í sí. Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta, kò gbà. Láti ilé ìwòsàn Àrò ni òun àti Alexander Leighton àti àwọn mìíràn ti wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n jókòó ti àwọn ènìyàn, wọ́n bi wọ́n léèrè oorun wọn, oúnjẹ wọn, ẹkún wọn. Ìwé tó jáde ní 1963 fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀ láàárín wa. Kò sẹ́ni tó béèrè tẹ́lẹ̀ ni.

Dókítà Tolani Asuni náà ti kọ̀wé lórí ìpara-ẹni ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nínú British Medical Journal ní 1962. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe nílé wa: wọ́n á ní àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni, wọ́n á yára sin ín, wọ́n á kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má sọ ọ́ níta. Òfin tún dá kún un. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa kọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa tiwọn rẹ́ láti 1961. Òfin Èkó ti 2011 ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, ìyẹn sàn díẹ̀. Nígbà tí òfin bá ti ń wá ọ̀daràn, tí agbaninímọ̀ràn tún ń wá ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, ẹbí wo ni yóò la ẹnu? Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà kò sì bọ́ níbẹ̀: láàárín 2018 sí 2021, ìwọ̀n ikú yìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 10 sí 24 lọ sókè ní ìdá 36.6 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀ ti kọ ọ́. Ibo ni ẹ ó to ìyẹn sí nínú àlàyé ìbínú tó jáde?

Kí ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀? Ohun tí wọ́n ti dán wò. Ní 2005, Gregory Brown, Beck àti àwọn mìíràn fi ènìyàn 120 tó ti gbìyànjú láti pa ara wọn ṣe ìwádìí. Ìpàdé mẹ́wàá péré ni wọ́n ṣe pẹ̀lú ìdajì wọn, lórí ohun tí wọ́n rò kó tó di pé wọ́n ṣe é àti ohun tí wọ́n lè ṣe bí èrò náà bá tún dé. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún gbìyànjú rẹ̀ nínú wọn. Nínú àwọn yòókù, 42 ni.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Jerome Motto ní San Francisco. Ó mú ènìyàn 843 tó ti wọ ilé ìwòsàn nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ kú, tí wọ́n sì kọ̀ láti máa bá ìtọ́jú lọ nígbà tí wọ́n jáde. Ó pín wọn sí méjì láìṣe ojúsàájú. Apá kan, wọn kò kàn sí wọn. Apá kejì, wọ́n ń kọ lẹ́tà kúkúrú sí wọn: pé ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wa, a ní ìrètí pé nǹkan ń lọ dáadáa, bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí wa inú wa yóò dùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn kò ní kí wọ́n wá sọ́sibítù. Lẹ́tà mẹ́rìnlélógún láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn tó ń gba lẹ́tà kú láti ọwọ́ ara wọn kéré sí àwọn yòókù, ìyàtọ̀ náà sì hàn gbangba ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Àwọn tó tún un ṣe níbòmíràn kò rí i bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi, ó sì yẹ kí ẹ sọ ìyẹn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí lẹ́tà náà kò ṣe: kò wá ẹni tí inú ń bí wọn sí.

Kí n má baà ṣègbè: ilé Freud náà bí ọmọ tó gbà kí wọ́n dán òun wò. Anthony Bateman àti Peter Fonagy ní Lọ́ńdọ̀nù mú ìtọ́jú kan jáde láti inú ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fi í sábẹ́ ìwádìí tó ní ìfiwéra, wọ́n sì tọpa àwọn aláìsàn wọn fún ọdún mẹ́jọ. 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbìyànjú láti pa ara wọn nínú àwọn tó gba ìtọ́jú náà. Nínú àwọn tí kò gbà á, 74 ni. Mo yọ̀ fún wọn. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju ìyẹn náà lọ.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti béèrè ìbéèrè náà lójú kojú lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá: “Ṣé ẹ ti ń ronú pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?” Ẹ̀rù máa ń bà wá pé bí a bá béèrè, a ti fi èrò náà sí i lórí nìyẹn. Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ìyẹn wò láàárín ọmọ ilé-ìwé 2,342 ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n gbé e jáde ní 2005, ìbéèrè náà kò kó ìdààmú bá wọn. Ẹ kọ́ wọn láti má fi ẹni tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sílẹ̀ ní òun nìkan, láti bá a mú ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, láti bá a dé ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe Àrò, Yábàá tàbí èyí tó súnmọ́ wọn jù, kí wọ́n sì tún padà lọ wò ó. Bí ẹ̀yin tó ń ka lẹ́tà yìí bá wà nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún ẹnìkan tó wà nítòsí yín, ẹ sì ní kó bá yín lọ rí dókítà.

Ní ti ilé ọ̀fọ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kí ìyá olóògbé kú ara fẹ́rakù, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ nípa ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ́ wọn ní Freud, ẹ kọ́ wọn, inú ìtàn ni ipò rẹ̀ wà. Kí ẹ wá fi ìbéèrè kan kún ìdánwò ìparí sáà tó ń bọ̀: kí ni Aaron Beck ń wá nínú àlá àwọn aláìsàn rẹ̀, kí ló rí níbẹ̀, kí ló sì ṣe nígbà tí kò rí ohun tó ń wá?

Tiyín ní tòótọ́,
Òǹkọ̀wé yín